Abẹ́rẹ́ kata tó ń ti Vom wá: mo fún un ní mẹ́rin nínú márùn-ún

Ẹni tó bá ti sin ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa yìí rí kò ní béèrè ohun tó ń jẹ́ àrùn kata. Ojú á máa ṣepin, imú á máa dà, ẹnu á bó, kí ìgbẹ́ gbuuru sì tó dé, ẹ ti ń wá ibi tí ẹ máa gbẹ́ kòtò sí. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ tí iléeṣẹ́ ìwádìí ẹran ti ìjọba ń ṣe ní Vom, lẹ́bàá Jos, ni mò ń lò fún agbo mi n'Ísẹ́yìn.

Ó ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí kata wọ àdúgbò wa lásìkò ọyẹ́, ẹran tí kò gbà á ń kú, tèmi ń jẹ èèpo iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Ohun tó wà nínú igò náà kì í ṣe oògùn. Kòkòrò kata gan-an ni, èyí tí wọ́n rí lára ewúrẹ́ Nàìjíríà ní 1975, tí wọ́n wá tọ́ títí ìkà rẹ̀ fi tán. Nigeria 75/1 lorúkọ rẹ̀, wọ́n sì ń lò ó káàkiri Áfíríkà àti Éṣíà. Ara ewúrẹ́ á rò pé kata ti dé, á bẹ̀rẹ̀ sí í kó ohun ìjà jọ. Ẹ fún un ní bí ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà, ó kéré tán, á dáàbò bò ó fún ọdún mẹ́ta. Ẹni tó bá wá ń gún ẹran tí imú rẹ̀ ti ń dà, ó fowó ṣòfò ni.

Dókítà ẹran kò gbà láti gún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Ó ní ààbò tí ìyá wọn fi sínú wàrà àkọ́kọ́ kò ní jẹ́ kí abẹ́rẹ́ ríṣẹ́ ṣe lára wọn, kí n dúró títí wọ́n á fi pé bí oṣù mẹ́rin.

Torí pé inú otútù ló gbọ́dọ̀ máa wà ni mo ṣe yọ máàkì kan. Ooru ń pa kòkòrò inú igò, bó bá sì ti kú, omi lásán lẹ ń gún. Ní ṣọ́ọ̀bù kan, orí káńtà ni wọ́n ti mú un fún mi, ara igò lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ẹyin tí adìyẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé. Mo dá a padà. Dókítà tó ń gbé e sínú kúlà oníyìnyín ni mò ń pè báyìí.

Igò náà tún tóbi ju agbo èèyàn bíi tèmi lọ. Bí wọ́n bá ti fi omi rẹ̀ po ìyẹ̀fun gbígbẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀, kò ṣe é gbé pamọ́ di ọ̀la. Èmi, ìyá onígaàrí àti Alfa ẹ̀yìnkùlé la máa ń dáwó jọ, tí a ó kó ẹran síbì kan láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Dókítà á fa awọ ẹ̀yìn apá sókè, á gún abẹ́rẹ́ náà sábẹ́ rẹ̀, ọmọ onígaàrí á fi ọ̀dà kun ìwo èyí tó ti gbà.

Ẹni tó bá fẹ́ bá wa pín igò n'Ísẹ́yìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti ẹran yín mọ́lé láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ọjọ́ tí òbúkọ Alfa já, gbogbo wa la sá dé ọjà.