Simplex+ fún ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá irin nínú igbó àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Lórí oko tí wọ́n ti fi katakata túlẹ̀, kò sí ẹ̀rọ awárin tí kò lè ṣe bí akin. Inú igbó ni àṣírí wọn ti ń tú. Gbòǹgbò gba ilẹ̀ kan, igi kò jẹ́ kí ọwọ́ na tán, ìṣó àtijọ́ àti ìdí ọta ìbọn ọlọ́dẹ sì kún abẹ́ ewé bí èèrà. Ojú igbó yìí la fi wo Simplex+ tí ilé-iṣẹ́ Nokta ní Tọ́kì gbé jáde ní 2019. Simplex Lite, BT àti Ultra ti gba ipò rẹ̀ láti 2023, nítorí náà àlòkù ló pọ̀ jù lọ́jà báyìí. Nígbà tó ṣì wà ní tuntun pàápàá, owó rẹ̀ kò tó £300.

Ẹ̀rọ gidi ni, ó sì yẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Àbùkù rẹ̀ nínú igbó ni pé kọ́ìlì tó bá a wá, ìyẹn àwo róbótó tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ti tóbi jù.

Ó wúwo tó 1.3 kg. Ọ̀pá rẹ̀ ṣe é tì wọlé dé 63 cm kó wọ inú báàgì ẹ̀yìn, ó sì ṣe é fà dé 132 cm fún ẹni tó ga. Bátìrì 2300 mAh wà nínú rẹ̀, ó lè lo nǹkan bí wákàtí 12, power bank sì lè gbé e ró bó bá rẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà. Omi kì í wọ inú rẹ̀ títí dé mítà 3, nítorí náà òjò àti odò kékeré inú igbó kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ó ní tọ́ọ̀ṣì, ó sì lè máa gbọ̀n mọ́ni lọ́wọ́ bó bá kan irin.

Ọ̀rọ̀ kọ́ìlì yẹn ló yẹ ká dúró lé. 28 cm ni, irú tí wọ́n ń pè ní DD. DD kì í fi gbogbo àwo rẹ̀ wo ilẹ̀. Ojú tóóró kan tó gba àárín láti iwájú dé ẹ̀yìn ló fi ń wò ó, èyí sì dára láàárín ìṣó. Ṣùgbọ́n ojú tóóró yẹn ṣì gùn tó 28 cm. Bí ìṣó mẹ́ta àti owó fàdákà kan bá wà lábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn wọn á dà pọ̀, ti ìṣó á sì borí. Yàtọ̀ sí èyí, àwo ńlá a máa kọ lu kùkùté, ìkọlù kọ̀ọ̀kan a sì máa mú un ké lásán. Ẹ ra SP22, àwo 22 cm tí Nokta ṣe fún un. Ẹ óò pàdánù díẹ̀ nínú bó ṣe ń gbọ́ jìn sí, ṣùgbọ́n nínú igbó, ohun tó jìn kì í ṣe ti ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ láti wú. Ẹ yí wáyà rẹ̀ mọ́ ọ̀pá dáadáa, kí ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ láìfà nítòsí àwo, kí àwo lè máa tẹ̀ sókè sódò. Wáyà tó bá ń mì ni ẹ̀gún ń fà, òun náà ló sì ń mú ẹ̀rọ pariwo tí olùbẹ̀rẹ̀ á fi ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ mú un bá ilẹ̀ mu. Ẹ wá ibi tí kò sí irin, ẹ di bọ́tìnnì ground balance mú, kí ẹ máa gbé àwo sókè sódò láti bíi 15 tàbí 20 cm wá sí 3 cm sí ilẹ̀, títí ohùn kékeré yóò fi sọ pé ó ti tó. Ẹ tún un ṣe bí ilẹ̀ bá yí padà. Nínú àwọn igbó wọ̀nyí, ẹ óò rí ojú ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó rí róbótó lára òkè: ibi tí àwọn ará àtijọ́ ti ń sun èédú nìyẹn. Iná máa ń mú kí irin inú erùpẹ̀ ibẹ̀ túbọ̀ dà bíi mágínẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ ní mítà 10 sẹ́yìn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ kántankàntan.

Nínú àwọn ètò ìwárin tó wà lórí ẹ̀rọ, ẹ lo èyí tí wọ́n pè ní Field. Ẹ má ṣe gbé agbára ìgbọ́ràn rẹ̀ dé òpin. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín, kí ẹ máa dín in kù títí ariwo òfìfo yóò fi lọ. Bí wáyà iná bá kọjá nítòsí, ẹ yí frequency shift, èyí tó ń sún ìgbì tí ẹ̀rọ ń lò díẹ̀. Ohùn irin lásán (iron), bí ìṣó, ni kí ẹ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ má pa á. Bí ìṣó bá wà níbì kan, ó lè jẹ́ pé ilé wà níbẹ̀ rí, ìyẹn sì ni ẹ ń wá. Ẹ̀rọ yìí a máa fi nọ́ńbà hàn fún irú ohun tó bá gbọ́, ẹ sì lè gé nọ́ńbà kan kúrò kó má ké fún un mọ́. Ẹ má gé ti bébà dídán tí wọ́n fi ń wé ṣìgá: owó fàdákà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi òòlù lù nígbà àtijọ́ lè jáde ní nọ́ńbà kan náà. Ẹni tó gé ọ̀kan ti sọ èkejì nù.

Ìgbì kan ṣoṣo, 12 kHz, ni ẹ̀rọ yìí ń lò, irin ńlá a sì máa tàn án jẹ. Pátákò irin ẹṣin àti orí àáké lè fi nọ́ńbà fàdákà hàn. Ẹ gbé àwo sókè tó 30 cm: bó bá ṣì ń ké gidigidi, irin ńlá ni. Ẹ tún yí ara yín ká, kí ẹ gba ibẹ̀ kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìṣó a máa ké ní ọ̀nà kan, á sì dákẹ́ ní ìkejì, tàbí kí nọ́ńbà rẹ̀ máa fò látòkè délẹ̀. Ohun rere máa ń ké lọ́nà méjèèjì. Ti ìdí ọta ìbọn tí wọ́n fi idẹ ṣe, kò sí ọgbọ́n tó lè yà á sọ́tọ̀ pátápátá. Ẹ wú u, kí ẹ kó o lọ sílé.

Ẹ má lo ṣọ́bìrì ńlá. Ọ̀bẹ ìwúlẹ̀ tóóró tó ní eyín àti pinpointer, ẹ̀rọ awárin kékeré tí à ń fi ọwọ́ kì bọ inú ihò, ti tó. Ẹ kó ewé kúrò ká, ẹ wú láàárín gbòǹgbò, ẹ má ṣe gé èyí tó nípọn bí ìka. Oṣù kẹwàá sí oṣù kejì ló dára jù, nígbà tí ewéko ti kú tí òdòdó bluebell kò sì tíì hù. Ẹ ki ṣòkòtò bọ ìbọ̀sẹ̀ nítorí eégbọn.

Igbó tí wọ́n ń pè ní àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni èyí tó ti wà láti 1600 ó kéré tán. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọn kò tú rí, nítorí náà ohun tó bọ́ sílẹ̀ ṣì wà níbi tó bọ́ sí, ipò tó wà sì jẹ́ apá kan ìtàn rẹ̀. Ìlànà ìwárin ti 2017 gbà wá nímọ̀ràn pé kí a dúró sórí ilẹ̀ tí wọ́n ti tú. Ní ti igbó, ìdájọ́ wa ni pé kí ẹ má kọjá 15 cm. Bí ìkòkò, egungun tàbí èédú bá yọjú, ẹ dúró, ẹ bò ó, kí ẹ pe Finds Liaison Officer, òṣìṣẹ́ tó ń gba ìròyìn ohun àtijọ́ tí aráàlú bá rí ní àgbègbè náà.

Kò sí ìwárin nínú igbó Forestry England, bẹ́ẹ̀ ni Epping Forest tí ọ̀pọ̀ nínú wa ní London ń lọ ṣeré. Ibi tí ìjọba kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí scheduled monument, ìyẹn ibi àtijọ́ tí òfin ń dáàbò bò, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin 1979 láti lo ẹ̀rọ níbẹ̀ láìgbàṣẹ. Ẹ wò ó nínú National Heritage List, ọ̀fẹ́ ni. Igbó aládàáni ló kù, ìwé àṣẹ onílẹ̀ sì ni kí ẹ gbà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Òfin ohun ìṣúra (Treasure Act) ti 1996 ní kí ẹ sọ fún kọ́rónà (coroner, òṣìṣẹ́ ìdájọ́ tó ń ṣèwádìí irú ohun bẹ́ẹ̀) láàárín ọjọ́ 14 bí ẹ bá rí ohun tó ti lé ní ọdún 300 tí wúrà tàbí fàdákà inú rẹ̀ tó ìdá 10 nínú 100. Owó ẹyọ kan ṣoṣo kò sí nínú èyí, ṣùgbọ́n méjì tí ẹ bá pọ̀ níbì kan wà nínú rẹ̀. (Ẹni tó bá ń ronú àtigbé irú ẹ̀rọ yìí lọ sí Erédò Sùngbọ́ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò. Nàìjíríà náà ní òfin 1979 tirẹ̀, àṣẹ NCMM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ohun àti ibi àtijọ́, sì ni ẹni tó fẹ́ walẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà.)

Bí ẹ bá fẹ́ ra àlòkù, ẹ fa ọ̀pá rẹ̀ jáde tán kí ẹ mì ín: bí kọ́kọ́rọ́ oníke tó ń di ọ̀pá mú bá ti jẹ, á máa yí mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ tẹ wáyà síhìn-ín sọ́hùn-ún níbi tó ti wọ inú àwo, bó bá ké, ó ti já nínú. Ẹ béèrè bó ṣe ń pẹ́ tó lẹ́yìn ṣáájì, torí bátìrì yẹn kò ṣe é yọ bíi ti tọ́ọ̀ṣì.