Láti tọpa ìran ẹni, DNA ìlà ìyá àbí Y ti bàbá?

Ìyá ń fún tọkùnrin tobìnrin ọmọ rẹ̀ ní DNA inú mitochondria (àwọn ẹ̀yà tíntìntín tó ń pèsè agbára nínú sẹ́ẹ̀lì ara). Krómósómù Y, ìdì DNA tó ń mú ọmọ jẹ́ ọkùnrin, ní tirẹ̀, ọ̀dọ̀ bàbá ni ọmọkùnrin ti ń gbà á. Ní Bràsíl, ti ìyá ni mo fara mọ́. Ìwádìí tó jáde ní 2000 àti 2001 lórí àwọn aláwọ̀ funfun ibẹ̀ fi hàn pé Y wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti Yúróòpù tán. Ṣùgbọ́n níhà ìyá, nǹkan bí ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún wá láti Áfíríkà, 33 láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà. (Ẹni tó mọ ìtàn oko ẹrú á mọ ìdí rẹ̀: àwọn ọkùnrin Yúróòpù ló ń bímọ pẹ̀lú àwọn obìnrin Áfíríkà àti ti onílẹ̀.) Obìnrin tó bá fẹ́ mọ ti Y, àfi kó bẹ bàbá rẹ̀ tàbí arákùnrin rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ bàbá kan. Ìyá tó bí bàbá náà ńkọ́? Kò sí nínú méjèèjì.