Ẹ Má Fi Brain Box Yín Àtijọ́ Sílẹ̀ Lọ́dọ̀ Ẹni Tó Ń Ta Òmíràn fún Yín

Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi, ìtìjú ni mo fi ń kọ èyí, nítorí pé ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti wà nídìí òwò tírélà, èmi náà sì wà lára àwọn tó máa ń fi ẹni tó ra ayédèrú ọjà ṣe yẹ̀yẹ́. Ní oṣù Kẹta ọdún yìí, wọ́n fi kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, èyí tí gbogbo wa ń pè ní brain box, lù mí ní jìbìtì. Bí ó bá jẹ́ pé òkú ọjà nìkan ni wọ́n tà fún mi, ǹ bá gbé e mì. Èyí tó ń dùn mí jù ni pé èmi fúnra mi ni mo gbé tèmi tó ń ṣiṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́, tí mo sì tún dúpẹ́.

Volvo FH12 tòkunbọ̀ ni ọkọ̀ náà, sìmẹ́ńtì ló sì ń kó láti Ewékorò wá sí Ìbàdàn. Awakọ̀ mi pè mí lójú ọ̀nà pé iná ìkìlọ̀ ti tàn, pé ọkọ̀ kò fa ẹrù mọ́, pé bó bá ti dé ẹsẹ̀ òkè, ńṣe ló ń wọ́ bí ẹni tí ebi ń pa. Síbẹ̀ ó dé ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: ọkọ̀ náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ọgbà mẹkáníìkì.

Ríwáyà tí wọ́n júwe fún mi ki ẹ̀rọ ìyẹ̀wò bọ̀ ọ́, ó rí àṣìṣe sẹ́ńsọ̀ mẹ́rin (àwọn ohun kékeré tó ń sọ ipò ẹ́ńjìnnì fún brain box) lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn lábẹ́ MID 128. Ó yọ fìlà, ó ní, “Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́, brain box ti kú.” Èmi náà gbà. Lẹ́yìn tí owó ti lọ tán ni mo tó mọ̀ pé MID 128 kò ju orúkọ tí kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì ń jẹ́ lọ. Òun ló ń ròyìn gbogbo ohun tó bá ṣe ẹ́ńjìnnì, nítorí náà orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn níbẹ̀. Ẹni tó mú ìròyìn wá ni ríwáyà pè ní òkú. Ta ni ìbá mọ̀? Ṣé èmi ni mo kọ́ṣẹ́ ríwáyà ni?

Ó mú mi lọ sí Èkó, sọ́dọ̀ ẹni tó pè ní ọ̀gá òun. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó ra malt tútù fún mi, ó so brain box kan mọ́ ẹ̀rọ kékeré lórí tábìlì, iná aláwọ̀ ewé tàn, ó ní, “Ẹ wò ó, Bàbá mi, ó yè.” Iye rẹ̀ jẹ́ ₦750,000, ṣùgbọ́n bí mo bá fi èyí tó ti kú sílẹ̀, òun yóò yọ ₦70,000 fún mi. Mo ro pé mo jèrè! Mo san ₦680,000, mo tún san ₦60,000 fún ríwáyà pé yóò kó ìròyìn inú tèmi sínú èyí tí a ń rà. Bóyá ó kó o tàbí kò kó o, Ọlọ́run ló yé.

Nígbà tí wọ́n dé e mọ́ ọkọ̀, ọkọ̀ tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé kò jí mọ́ rárá. Sítátà ń yí, ẹ́ńjìnnì kò dáhùn. Ní ọjọ́ kejì ríwáyà ti pa fóònù. Ẹni tó tà á ní ẹnìkan ló jó irin lára ọkọ̀ láìtú bátìrì, pé àwa la ba ọjà òun jẹ́. Òótọ́ ni pé jíjó irin láìtú bátìrì lè ba brain box jẹ́, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò jó irin kankan lára ọkọ̀ mi. Ó ní kí n ka ìsàlẹ̀ rìsíìtì, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé owó tí a bá ti gbà kò sí ìdápadà.

Mo gbé brain box náà sílẹ̀ nínú oòrùn, mo sì wò ó dáadáa, ohun tó yẹ kí n ti ṣe ní Èkó. Igun kan lára ìwé nọ́ńbà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ti ń ṣí. Mo fi èékánná bó o, nọ́ńbà mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀. Orí àwọn bóòtù rẹ̀ ti họ, gọ́ọ̀mù tuntun sì yí etí rẹ̀ ká. Nígbà tí a ṣí i, inú rẹ̀ ti dípẹtà aláwọ̀ ewé bí kọ́bọ̀ àtijọ́, ibì kan sì jó dúdú. Omi ti wọ̀ ọ́ láti ìgbà pípẹ́. ₦740,000! Mo ní ojú méjèèjì lórí, malt ni mo ń mu.

Mo ní láti ra òmíràn ní ₦720,000 lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọṣẹ́ sì kó ìròyìn tó bá nọ́ńbà chassis ọkọ̀ mi mu sínú rẹ̀. Ọkọ̀ jí, àmọ́ kò fa ẹrù síbẹ̀! Ọmọ náà mú mítà, ó wọn iná fóòtì (volt) 5 tí brain box ń fún àwọn sẹ́ńsọ̀, kò tó 1. Ó tú àwọn sẹ́ńsọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, iná náà kò padà, ó ní a jẹ́ pé wáyà ni. Ó tọ wáyà sẹ́ńsọ̀ atẹ́gùn tọ́bò dé ibi tí irin kan ti ń họ ọ́. Awọ rẹ̀ ti bó ní ìwọ̀n èékánná, bàbà rẹ̀ sì ń kan ara ẹ́ńjìnnì, ibẹ̀ ni iná àwọn sẹ́ńsọ̀ ń jò lọ. ₦15,000 ló gbà, mo sì jókòó sórí táyà, n kò lè sọ̀rọ̀. Kò sí ohun tó ṣe brain box mi láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí n kò kọ́kọ́ wá ọmọ náà rí, ìyàwó mi ti bi mí tó. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi mítà wo bátìrì, fíúsì, wáyà ilẹ̀ (earth) àti fóòtì 5 yẹn. Ẹ bó ìwé nọ́ńbà wò. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á kọ ọ́ sílẹ̀ pé yóò gbà á padà bí ọkọ̀ kò bá jí. Ríwáyà tó bá ti ní ọ̀gá tó ń ta brain box, ẹ sá fún un. Ẹni kejì tó tà fún mi kò rẹ́ mi jẹ, mo gbà, ṣùgbọ́n láti ìsinsìnyí gbogbo wọn ni mò ń fura sí, ẹni tí inú bá bí kí ó máa bínú.

Brain box mi ní ẹ̀kán ọ̀dà búlúù lórí bóòtù ìsàlẹ̀ lápá òsì, ti ìgbà tí a kun chassis. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti rà á ní Èkó láti oṣù Kẹta, ẹ fọkàn balẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ ṣáà sọ fún mi iye tí wọ́n tà á fún yín.