Fáànù 80 mm fún àpótí lésà: ọjà tí ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìjẹ̀bú-Òde tà fún mi

Kò sí bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀. Wọ́n tẹ “ball bearing” gàdàgbà sára fáànù, ìyẹn ni pé orí bọ́ọ̀lù irin kéékèèké ni ọ̀pá rẹ̀ ń yí, wọ́n gba owó ball bearing lọ́wọ́ mi, owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti èyí tí kò ní bọ́ọ̀lù, àmọ́ ihò bíróńsì lásán ló wà nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kan àpótí lésà, èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ya àwòrán sára ògiri níbi àríyá, fúnra rẹ̀, láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Ṣágámù, kó ka èyí tán kó tó náwó.

Ẹ má gba ìwé ara rẹ̀ gbọ́. Ẹ dojú fáànù bolẹ̀, ẹ fi èékánná ṣí ìwé róbótó tó lẹ̀ mọ́ àárín ẹ̀yìn rẹ̀. Ìdérí rọ́bà kékeré kan sábà máa ń wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ yọ ọ́. Ẹ ó rí òrùka ọ̀rá funfun kan tí wọ́n là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òun ló di ọ̀pá abẹ̀bẹ̀ mú. Ẹ fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ tú u, ẹ rọra fa abẹ̀bẹ̀ jáde, ẹ má jẹ́ kí òrùka náà ta sọnù. Bó bá jẹ́ ojúlówó, bérìn irin kéékèèké méjì tí bọ́ọ̀lù wà nínú wọn ló máa wà nínú ihò náà, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, pẹ̀lú sípíríǹgì tó tín-ín-rín. Nínú tèmi, ògiri ihò náà pọ́n, ó ń dán, epo díẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ọn. Kò sí bérìn kankan.

Mo gbé e padà lọ pẹ̀lú rìsíìtì. Àǹtí tó jókòó ní káńtà ò tiẹ̀ wo inú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti tú u. A kì í gba ọjà tí oníbàárà bá ti tú.” Mo ní kí ló yẹ kí n ṣe kí n tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀? Ó ní, “Ṣé kò yí ni?” Mo ní ó ń yí. “Ẹ̀n-ẹ́n, fáànù ni fáànù ń jẹ́.” Mo fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ hàn án, mo fi ihò náà hàn án, ìka ló nà sí ìsàlẹ̀ rìsíìtì, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká ṣí òmíràn láti inú páálí kan náà lójú ara wa. Bó bá ní bọ́ọ̀lù, màá sanwó rẹ̀, màá sì gbé méjèèjì lọ. Ó kọ̀. Ọmọkùnrin tó ń bá a tajà bú sẹ́rìn-ín, ó ní ta ló ń wá bọ́ọ̀lù nínú fáànù. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn: wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń tà, wọn ò sì fẹ́ mọ̀.

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù yìí kì í ṣe àṣejù. Àpótí lésà kì í dúró lójú kan bíi kọ̀ǹpútà orí tábìlì. A máa ń gbé e kọ́ sórí irin, a máa ń dorí rẹ̀ kodò, a máa ń tẹ̀ ẹ́ síwájú kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sójú ògiri. Fáànù bíróńsì tó bá dúró lóòró níbi tí kò gbóná, iṣẹ́ rẹ̀ dáa, kì í pariwo, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n bó bá sùn gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tó gbóná, epo inú rẹ̀ á máa gbẹ, ọ̀pá á máa jẹ ihò náà lápá kan, abẹ̀bẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Gbígbọ̀n yẹn ló ń ba àwòrán jẹ́: bí pátákó tí a de galvo (mọ́tò tó ń yí dígí kékeré tó ń darí ìmọ́lẹ̀) mọ́ bá ń gbọ̀n, ìlà tó yẹ kó gún á máa wárìrì lára ògiri. Bó bá yá, fáànù á dúró pátápátá, dáyóòdù pupa, èyí tó ń tan ìmọ́lẹ̀ lésà pupa, ló sì máa kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Pupa 638 nm kò fara da ooru tó búlúù 450 nm. Bó bá ti gbóná, agbára rẹ̀ á lọ sílẹ̀, funfun tí ẹ ti pò dáadáa á wá fì sí búlúù àti àwọ̀ ewé.

Mo ti ń jáde nígbà tí ẹnì kan pè mí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún inverter ṣe nídìí tábìlì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. “Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Kí lẹ fẹ́ fi fáànù ọ̀hún tù?” Mo sọ fún un. Kò béèrè iye CFM, ìyẹn ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí fáànù ń fẹ́ ní ìṣẹ́jú kan. Ó ní, “Ṣé fóòmù máa wà lẹ́nu ẹ̀?” Ìbéèrè yẹn nìkan tó láti mú mi jókòó. Iye CFM tí wọ́n ń kọ sára páálí, ìgbà tí ohunkóhun kò dí fáànù lọ́nà ni wọ́n wọ̀n ọ́n. Bí fóòmù tó ń sẹ́ eruku bá ti wà lẹ́nu rẹ̀, tí heat sink (irin tó ń fa ooru kúrò lára dáyóòdù) sì wà níwájú, iye yẹn á já wálẹ̀. Agbára tó fi ń ti afẹ́fẹ́, èyí tí wọ́n ń kọ ní mmH2O, ló kù tó ń gbeni. Ìdí nìyí tí fáànù pẹlẹbẹ 15 mm fi máa ń jáni kulẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí, tí 25 mm sì ń ṣe é.

Ó kó fáànù tòkunbọ̀ mẹ́ta jáde, èyí tó tú lára UPS ńlá, 80 mm, ó nípọn 25 mm. Ó so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ páwà tó ṣeé yí, ó fa fóòtì wálẹ̀ láti 12 sí 5, ó pa á, ó tún tàn án ní 5 láti mọ̀ bóyá á dìde fúnra rẹ̀. Ọ̀kan kò dìde àfi ní 8. Ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó di abẹ̀bẹ̀ àwọn tó kù mú, ó mì í sọ́tùn-ún sósì láti mọ̀ bóyá ó ti jẹ, ó gbé e sétí. Lẹ́yìn náà ló fi fóòmù bo ẹnu rẹ̀, ó di tíṣù mú lápá kejì. Ti UPS gbé tíṣù náà dúró. Ó gbé tuntun tí mo rà síbẹ̀, bí fóòmù ṣe bò ó báyìí, tíṣù rọ̀ wálẹ̀ pẹ̀rọ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló kó wọn lọ sí káńtà: “Àǹtí, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ eléyìí fún wọn, ohun tí wọ́n kọ sí i lára kọ́ ló wà nínú ẹ̀.” Méjì tó ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n fún mi dípò ọ̀kan, wọn ò sì gba kọ́bọ̀ lé e. Àǹtí ò sọ pé kí n má bínú, ṣùgbọ́n ó gbà.

Bí a ṣe ń ṣírò afẹ́fẹ́: ẹ mú iye wáàtì tó ń di ooru nínú àpótí, ẹ fi 1.76 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ wá fi iye dígírì tí ẹ gbà kí afẹ́fẹ́ fi gbóná pín in. Wáàtì 60 pẹ̀lú dígírì 10 á fún yín ní CFM 10.6. Nítorí fóòmù àti heat sink, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ 25 sí 30 sí. Ọ̀kan ti tó. Fáànù server tó nípọn 38 mm lágbára lóòótọ́, àmọ́ ariwo rẹ̀ á dí àríyá lọ́wọ́, òmíràn sì ń mu ju ámpù kan lọ.

Afẹ́fẹ́ kò gbọ́dọ̀ kan dígí rárá. Dáyóòdù, dígí àti galvo wà lórí pátákó álúmínọ́ọ̀mù, rọ́bà sì di etí ìdérí wọn pinpin. Heat sink wà lábẹ́ pátákó, abẹ́ yẹn nìkan ni afẹ́fẹ́ ń gbà. Kí fáànù máa ti afẹ́fẹ́ wọlé, kó má fà á jáde, kó lè jẹ́ ojú kan la ó ti máa sẹ́ eruku, kí bérìn sì wà nínú afẹ́fẹ́ tútù. Ẹni tó bá ti gbé lésà lọ sí àríyá àwọn regberegbe lásìkò Ojúde Ọba mọ eruku tí ẹsẹ̀ ẹṣin ń tú. Ti ọyẹ́ burú jù ú lọ torí ó kúnná. Eruku tó bá bà lé dígí lójú ibi tí lésà ń gbà á jó mọ́ ọn. Ẹ tan kọ́ìlì ẹ̀fọn síwájú fóòmù láti rí ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà, ṣùgbọ́n kí ìdérí òkè wà ní dídé. Ẹ tẹ álúmínọ́ọ̀mù tí ẹ kùn ní dúdú síwájú ibi tó ń gbà jáde, kí ìmọ́lẹ̀ tó bá yọ́ gba ihò wáyà má bọ́ sójú ẹnikẹ́ni. Àwọn kan á ní ká fi Peltier, pátákó kékeré tó ń fi iná mú nǹkan tutù, mú un tutù: nígbà òjò níhìn-ín, bó bá tutù jù, ìrì á sẹ̀ sára dáyóòdù.

Ihò síkúrù fáànù 80 mm fi 71.5 mm jìnnà síra. Pín-ìn rọ́bà ni kí ẹ lò dípò síkúrù, torí gbígbọ̀n náà ni. Ẹ má sì gba fóòtì 12 rẹ̀ láti ara páwà galvo láìsí converter láàárín. Ariwo mọ́tò á hàn lára ìlà.

Ìgbà tí mo fẹ́ so ó ni inú tún bí mi. Wọ́n ti gé wáyà yẹ́lò méjèèjì ní ìdí pátápátá, ọmọ yẹn ò sì sọ. Wáyà yẹn ló ń ránṣẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, òun là ń lò láti pa lésà bí fáànù bá dúró. Ó di dandan kí n de súìṣì ooru KSD9700 tó ń já ní dígírì 45 mọ́ pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dáyóòdù pupa, kí n sì so ó mọ́ ojú ọ̀nà interlock, èyí tó ń pa lésà bó bá já. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ooru ló ń dúró dè. Wáyà yẹ́lò ì bá ti pa á kí ooru tó dé.

Máàkì: 4 nínú 5. Ẹ mú fóòmù tiyín dání, ìdí tábìlì ẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ sì béèrè wáyà yẹ́lò kí ẹ tó yà sí káńtà lọ sanwó.