Gíláàsì kálísíọ̀mù fọ́síféètì tí mo lò: ẹ má gbára lé nọ́ńbà ara ike rẹ̀

Gíláàsì tí wọ́n ń lò nínú ara, bí i fún iṣẹ́ eegun, ni èyí. Ohun tí wọ́n ń tà á fún ni pé kó yòrò, ó sì ń yòrò tán pátápátá. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ kọ́kọ́ yìn ín, torí àwọn tó ti lo gíláàsì onísílíkà (sílíkà ni èròjà inú iyanrìn) tí onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, Larry Hench, bẹ̀rẹ̀ ní 1969 mọ̀ pé tìyẹn máa ń fi ìpele sílíkà sílẹ̀. Èyí kò ní sílíkà rárá. Bí mo bá gbé pẹlẹbẹ kékeré rẹ̀ sómi, ń ṣe ló ń fẹ́lẹ́ láti ojú wọ inú, títí omi á fi gbé e tán.

Irú méjì ni mo rà fún iṣẹ́ láàbù wa. Ìwọ̀n P₂O₅, ìyẹn èròjà fọ́síféètì, inú méjèèjì dọ́gba, 45 nínú 100. Kálísíọ̀mù ló pọ̀ nínú ọ̀kan, sódíọ̀mù ló pọ̀ nínú èkejì. Mo kó wọn sínú omi tó wà ní 37°C. Onísódíọ̀mù yára lọ, àní ó ti lọ tán kí dídán ojú èkejì tó ṣá.

Ohun tó fà á kò fara sin. Fọ́síféètì inú gíláàsì yìí so mọ́ra ní ẹ̀wọ̀n gígùn-gígùn. Kálísíọ̀mù dà bí ẹni tó na ọwọ́ méjì, tó di ẹ̀wọ̀n kan mú lọ́tùn-ún, tó di òmíràn mú lósì. Sódíọ̀mù kò ní ju ọwọ́ kan lọ. Níbi tí kálísíọ̀mù bá kún sí, omi kì í ráyè wọlé bọ̀rọ̀. Omi kì í sì í dúró gé ẹ̀wọ̀n wọ̀nyí wẹ́wẹ́ kó tó gbé wọn. Lódindi ló ń tú wọn sílẹ̀, inú omi ni wọ́n ti ń já díẹ̀díẹ̀. Onímọ̀ kan, Bunker, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ nípa èyí ní 1984, ohun tí mo rí nínú ìgò kò sì yàtọ̀ sí tiwọn: eré ìyòrò náà ń dín kù ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ó dúró sójú ìwọ̀n kan.

Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ike ló bí mi nínú. Wọ́n kọ iye tó ń yòrò lójúmọ́, wọn ò kọ irú omi tí wọ́n lò, wọn ò kọ bó ṣe pọ̀ tó, wọn ò sọ bóyá wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, nínú omi tí kò ní iyọ̀ kankan, fọ́síféètì tó ń jáde lè sọ omi náà di kíkan. pH, ìyẹn nọ́ńbà tó ń kéré sí i bí omi bá ṣe ń kan sí i, á wálẹ̀, omi kíkan yẹn á tún mú kí gíláàsì yára yòrò sí i. Ìgò tí mo ń pààrọ̀ omi rẹ̀ àti èyí tí mo fi sílẹ̀ kò bá ara wọn dọ́gba rárá.

Mo wá lo omi ara àtọwọ́dá, ìyẹn omi tí a po iyọ̀ sí kó lè jọ omi inú ara, irú ti onímọ̀ ará Japan, Kokubo, tí kálísíọ̀mù inú rẹ̀ jẹ́ 2.5 mílímóòlù nínú lítà kan, tí pH rẹ̀ sì jẹ́ 7.4. Àfi bí ẹni pé gíláàsì mìíràn ni! Ó falẹ̀ gan-an, nítorí pH kò lè já wálẹ̀ bọ̀rọ̀, kálísíọ̀mù sì ti wà nínú omi náà tẹ́lẹ̀. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ o: kálísíọ̀mù àti fọ́síféètì lè padà wá lẹ̀ mọ́ ojú gíláàsì, kí òṣùwọ̀n máa sọ pé kò yòrò tó bó ṣe yòrò. Nítorí náà mo ń wọn gíláàsì, mo sì ń yẹ ohun tó wà nínú omi wò pẹ̀lú.

Inú ara gan-an tún yàtọ̀ sí ìgò. Omi ibẹ̀ ń ṣàn, pH ibi tó bá wú lè wálẹ̀, alkaline phosphatase, ẹ́ńsáìmù kan tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe, sì ń já ẹ̀wọ̀n fọ́síféètì.

Ike rẹ̀ dé dáadáa, afẹ́fẹ́ ò wọ̀ ọ́. Ẹ má ṣí i sílẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti já a, pàápàá onísódíọ̀mù, torí ó máa ń fa ọ̀rinrin. Ẹ má sì fi lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ wé pẹlẹbẹ. Ojú tí omi ń kàn lára lẹ́búlẹ́bú pọ̀ jù ú lọ fíìfíì.

Oníkálísíọ̀mù ni màá tún rà fún iṣẹ́ eegun. Onísódíọ̀mù yẹ ẹni tó fẹ́ kí fàdákà tàbí kọ́pà tí wọ́n pò mọ́ gíláàsì tètè jáde láti pa kòkòrò àrùn. Mo ti kọ̀wé sí àwọn tó ń tà á pé kí wọ́n dán an wò bí ìlànà àgbáyé ISO 10993-14 ṣe là á sílẹ̀, nínú omi kíkan pH 3 àti nínú bọ́fà Tris (omi tí pH rẹ̀ kì í tètè yí) pH 7.4, kí wọ́n sì tẹ èsì méjèèjì sára ike.