Klíníkì ojú kan ní Alágbàká, Àkúrẹ́: bí wọ́n ṣe bá wa yanjú ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àbí oorun

Mo fún wọn ní 4 nínú 5, ìdí tí mo sì fi ń kọ ọ́ ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sáré kiri Àkúrẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ojú àgbàlagbà, wọn ò dẹ̀ mọ ohun tó yẹ kí wọ́n bèèrè.

Kọ́níà Bàbá mi ló bàjẹ́, ìyẹn awọ iwájú ẹyinjú tó yẹ kó mọ́ gaara bíi dígí fèrèsé. Ẹ̀ka kòkó ló nà wọ́n lójú lóko n'Ídànrè, àwọn ará oko wá ń kán omi ewé sí i (ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é fún ẹnikẹ́ni!), ìgbà tí egbò yẹn fi máa jinná ó ti di àpá funfun. Jígí ojú ò lè ran irú àpá bẹ́ẹ̀, àfi kí dókítà gé e kúrò kó fi kọ́níà ẹni tó ti kú tó fi ojú ẹ̀ tọrẹ rọ́pò ẹ̀. Klíníkì yìí kọ́ ló ṣiṣẹ́ abẹ yẹn o, Ìbàdàn ni, àmọ́ àwọn ni wọ́n yẹ Bàbá wò, tí wọ́n kọ lẹ́tà, tí wọ́n sì ń tọ́jú wọn títí di ìsinsìnyí.

Nílé, ẹnu wa ò kò rárá lórí bóyá abẹ́rẹ́ tó ń pa ojú nìkan kú ni wọ́n máa fún Bàbá kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ náà, àbí oògùn tó máa gbé wọn sùn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí wọ́n gbé Bàbá sùn pátápátá, pé ta ló máa lajú sílẹ̀ kí ọ̀bẹ máa bọ̀ níbẹ̀. Àbúrò Bàbá ní rárá, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tí wọ́n bá sùn tí wọn ò jí ńkọ́? Dókítà obìnrin tó wà ní klíníkì yẹn jẹ́ kí gbogbo wa sọ tẹnu wa tán, ó wá kọjú sí Bàbá fúnra wọn: "Bàbá, ṣé ẹ máa ń wúkọ́? Tẹ́ ẹ bá fẹ̀yìn lélẹ̀ bíi wákàtí kan sí méjì, ṣé èémí yín ò ní há? Ṣé ìtọ̀ kì í gbọ̀n yín lemọ́lemọ́? Ṣé etí yín ń gbọ́ dáadáa? Ṣé ẹ ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì?" Ilé ìwòsàn tá a kọ́kọ́ lọ, iye owó nìkan ni wọ́n sọ fún wa, kò sẹ́ni tó bèèrè ikọ́.

Ikọ́ yẹn gan-an sì ni gbogbo ọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ pé odindi kọ́níà ni wọ́n fẹ́ pààrọ̀, tí wọ́n bá ti gé ti àtijọ́ kúrò, gbayawu ni ojú máa wà títí wọ́n á fi rán tuntun mọ́ ọn, tẹ́ni yẹn bá wúkọ́ tàbí tó ta gìrì, ohun inú ojú lè tú jáde, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà lẹ́yìn lè bẹ́, ìríran sì lè lọ pátápátá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé ọmọdé sùn, àti ẹni tí ara ẹ̀ ń gbọ̀n, ẹni tí iyè ẹ̀ ti ń rá, ẹni tí ikọ́ ò fi sílẹ̀, ẹni tẹ́rù ń bà kọjá ààlà. Ṣùgbọ́n oorun náà ní tiẹ̀, èèyàn ò ní jẹun fún wákàtí 6 ṣáájú, iṣẹ́ ni fún ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró àgbàlagbà, àwọn míì sì máa ń wúkọ́ tàbí bì nígbà tí wọ́n bá ń jí, bẹ́ẹ̀ ojú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán ò fẹ́ ìyẹn.

Ti abẹ́rẹ́, ẹ̀gbẹ́ ẹyinjú ni wọ́n máa ń gún un sí, ojú á kú tipiri, kò ní lè yí, ẹni yẹn á máa gbọ́ ohùn àwọn dókítà, aṣọ á bò wọ́n lójú, wọ́n á sì ti rọ́bà atẹ́gùn sábẹ́ aṣọ náà. Ọ̀bẹ tí ẹ̀gbọ́n mi ń bẹ̀rù yẹn, Bàbá ò rí i, ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ni wọ́n rí. Dókítà ò fi ewu ẹ̀ pa mọ́ fún wa o: abẹ́rẹ́ lè kan iṣan kí ẹ̀jẹ̀ dà sẹ́yìn ojú kí wọ́n sì sún iṣẹ́ síwájú, ó sì lè lu ẹyinjú, pàápàá fún ẹni tí kì í rí ọ̀ọ́kán rárá torí ẹyinjú tiwọn gùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í sábà ṣẹlẹ̀.

Bàbá kì í wúkọ́, wọ́n sì lè dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n mú, pẹ̀lú oògùn díẹ̀ tó fi ọkàn wọn balẹ̀, dókítà tó ń gbéni sùn n'Íbàdàn sì fara mọ́ ọn lẹ́yìn tóun náà yẹ̀ wọ́n wò. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn wọ́n ti ń bèèrè iyán.

Ohun tó jẹ́ kí n yọ máàkì kan: wọ́n á ní aago mẹ́jọ, dókítà á wọlé nígbà tí oòrùn ti mú, àga ò tó. Èyí tó dùn mí jù ni pé oògùn ojú tí kì í jẹ́ kí ara kọ kọ́níà tuntun tán lọ́wọ́ wọn, a wá a títí dé Oyemẹ́kùn, oògùn tí ò yẹ kéèyàn fò! Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú Bàbá pọ́n lọ́jọ́ Sunday kan, tí ìmọ́lẹ̀ ń ta wọ́n, tí ohun tí wọ́n ń rí sì ṣú, wọ́n gbé fóònù, wọ́n ní ká máa bọ̀ kíákíá, pé ara lè ti ń kọ̀ ọ́. Wákàtí-wákàtí la kán oògùn, ó sì rọlẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ kó gbogbo páálí oògùn tí àgbàlagbà yín ń lò dání, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àbí oorun yẹn sínú lẹ́tà pẹ̀lú ìdí ẹ̀, torí òun ni dókítà Ìbàdàn kọ́kọ́ kà.