Incognito inú Chrome: ó tó lò ní káfẹ́, kò tó fọkàn tẹ̀ ní ọ́fíìsì

Incognito, ìyẹn wíńdò ìkọ̀kọ̀, ti wà nínú Chrome, bùráwúsà Google tí a fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì, láti ọdún 2008 tí Google ti kọ́kọ́ gbé e jáde. Iṣẹ́ tí wọ́n dá a fún kò ju ẹyọ kan lọ, ó sì ń ṣe é dáadáa: tí ẹ bá ti pa wíńdò rẹ̀, àkọsílẹ̀ àwọn sáìtì tí ẹ lọ, àwọn kúkì (fáìlì kékeré tí sáìtì fi ń dá yín mọ̀), àti ohun tí ẹ tẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù á kúrò nínú Chrome. Ẹni tó bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà yẹn lẹ́yìn yín kò ní bá ipasẹ̀ yín níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà, ẹni tó ni Wi-Fi, àti sáìtì tí ẹ lọ gan-an, Incognito kò fi yín pamọ́ fún wọn. Wọ́n pe Google lẹ́jọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Amẹ́ríkà ní 2020. Ní 2024, Google gbà láti pa dátà tó ti kó jọ run, ó sì tún ọ̀rọ̀ tó wà lójú ìwé àkọ́kọ́ Incognito kọ, kó lè hàn sáwọn èèyàn pé àwọn sáìtì, títí kan ti Google fúnra rẹ̀, ṣì ń gba dátà wọn.

Ctrl, Shift àti N lẹ́ẹ̀kan náà ló ń ṣí i. Bákan náà ni lórí Edge. Lórí Firefox, P ni ẹ máa fi rọ́pò N.

Ohun tó ń kó àwọn tó ń lo káfẹ́ síyọnu jù nìyí: gbogbo wíńdò Incognito tó bá wà ní ṣíṣí pọ̀ ló jọ ń lo kúkì kan náà. Tí ẹ bá wọ Gmail nínú ọ̀kan, tí ẹ pa á, tí òmíràn sì wà nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà tí ẹ kò rí, Gmail yín ṣì wà ní ṣíṣí. Ẹni tó bá tẹ̀ lé yín kàn máa bá a níbẹ̀ ni. Torí náà, ẹ kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, ẹ pa gbogbo wíńdò Chrome tí ẹ bá bá níbẹ̀, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá ń lọ, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà.

Fáìlì tí ẹ bá dáúnlóòdù kì í bá Incognito lọ. Èsì ìdánwò tàbí sítétímẹ́ǹtì báńkì yín á wà nínú Downloads títí ẹnì kan fi máa pa á rẹ́. Shift pẹ̀lú Delete ni kí ẹ lò, torí Delete nìkan á kàn gbé e lọ sínú Recycle Bin ni.

Lójú tiwa, Guest, ìyẹn ààyè àlejò inú Chrome, sàn ju Incognito lọ lórí kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe tiyín. Àwòrán róbótó tó wà lókè lọ́wọ́ ọ̀tún Chrome ni ẹ máa tẹ̀, kí ẹ wá yan Guest. Incognito ṣì wà lábẹ́ profaílì ẹni tó ni kọ̀ǹpútà: extension (ètò kékeré tí wọ́n ń fi kún Chrome) tó bá ti fún láyè nínú Incognito lè ka ojú ìwé tí ẹ ṣí, bookmark (àdírẹ́sì sáìtì) tí ẹ bá sì fi pamọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń lọ. Guest kò ní ìkankan nínú ìwọ̀nyí.

Ní ọ́fíìsì, ẹ tẹ chrome://management síbi àdírẹ́sì. Tó bá sọ pé ilé iṣẹ́ ló ń ṣàkóso Chrome náà, ẹ̀ka IT lè ti fi extension tiwọn sí i, wọ́n sì lè ti Incognito pa pátápátá. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí sáìtì báńkì yín láìtíì wọlé, ẹ tẹ àmì tó wà lápá òsì àdírẹ́sì, kí ẹ wo sátífíkéètì rẹ̀ (ìwé ẹ̀rí pé sáìtì náà ni lóòótọ́), pàápàá ibi tí wọ́n kọ Issued By sí, ìyẹn ẹni tó fún un ní ìwé ẹ̀rí náà. Tí ẹ bá rí orúkọ ilé iṣẹ́ yín, tàbí ti fáyàwọ́ọ̀lù wọn (ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì), níbẹ̀, ẹ má tẹ páásíwọ́ọ̀dù kankan: wọ́n ń tú ohun tó ń kọjá palẹ̀ lójú ọ̀nà kó tó dé báńkì. Tí sátífíkéètì bá tiẹ̀ mọ́, orúkọ sáìtì tí ẹ ń lọ ṣì sábà máa ń hàn sí ẹni tó ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Fóònù yín, pẹ̀lú dátà tí ẹ fowó ara yín rà, ló yẹ kí ẹ fi ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ má so ó mọ́ Wi-Fi ọ́fíìsì.

Ohun kan wà tí Guest náà kò lè ràn yín lọ́wọ́ sí: ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n máa ń ki sáàárín wáyà kíbọ́ọ̀dù àti ihò USB, tó ń kọ gbogbo ohun tí ẹ bá tẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà káfẹ́ kí ẹ tó jókòó.

Tí ẹ bá sì ti kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó rántí pé ẹ kò jáde, ẹ lọ sí myaccount.google.com lórí fóònù, ẹ wọ Security, ẹ wá ibi tí wọ́n to àwọn ẹ̀rọ yín sí, kí ẹ yọ kọ̀ǹpútà yẹn. Ti WhatsApp wà nínú Linked devices: ẹ tẹ orúkọ kọ̀ǹpútà náà, kí ẹ tẹ Log out.